Nígbà Tí Olúwa Bá Dé, Kí Ni Yóò Bá Lọ́wọ́ Wa?



Nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí ẹ ń kọ́ sórí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu wa máa ń yára kọjá: pé Jésù Krístì tí ó ti gòkè re ọ̀run yóò tún padà wá ṣe ìdájọ́ gbogbo ènìyàn, àti alààyè àti òkú. A máa ń dúró pẹ́ lórí ìbí rẹ̀, lórí ìjìyà rẹ̀ àti lórí àjíǹde rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti bíbọ̀ rẹ̀, a máa ń wò ó bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú tí kò kan iṣẹ́ òòjọ́ wa. Ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi hàn yín pé iṣẹ́ òòjọ́ wa gan-an ni ó kàn.

Ìbéèrè ìyá kan

Ní ọdún kan, nínú kíláàsì àwọn tí ń múra fún ìrìbọmi ní Sakété, ìyá kan tí ó ń ta epo pupa nawọ́ sókè. Ó ní: “Bàbá olùkọ́, ẹ má bínú o. Ọmọ mi ọkùnrin lọ sí ibi àdúrà kan, wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé ayé ti fẹ́ parí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lọ sóko mọ́. Ó ní kí ni òun yóò máa gbin ọ̀pẹ fún, nígbà tí Jésù yóò dé kí ọ̀pẹ náà tó so? Ẹ̀yin náà sì ń kọ́ wa pé Jésù ń bọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú yín?”

Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìyá yìí nìkan ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé bàbá wọn ti ká ọwọ́ gbera. N kò dá a lóhùn kíákíá, nítorí èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ìparí ọdún 1999, mo wà ní kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ilé-ìwé girama. Àhesọ ń lọ káàkiri pé bí ọdún 2000 bá ti wọlé, ayé yóò parí. Mo pa ìwé dé. Mo ń lọ sí ìṣọ́ òru lójoojúmọ́, mo sì ń pe ọ̀lẹ mi ní ìgbàgbọ́. Bàbá mi kò bá mi jà. Ní àkókò kan náà, òun ń ro ìdí àwọn ọ̀pẹ kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ọdún 2000 wọlé, oòrùn yọ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń yọ, mo sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọdún náà. Bàbá mi ti sùn nínú Olúwa. Àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ ń so títí di òní.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ ìbéèrè ìyá náà wò: bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé Olúwa ń bọ̀, ṣé ó tọ́ kí a ṣì máa ṣe wàhálà lórí oko, lórí ọjà, lórí ilé-ìwé ọmọ?

Àwọn ará Tẹsalóníkà

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nínú Ìjọ. Ní nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Olúwa, Pọ́ọ̀lù Mímọ́ wàásù ní Tẹsalóníkà, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gíríìkì. Àwọn tí ó gbà gbọ́ níbẹ̀ fi gbogbo ọkàn retí ìpadàbọ̀ Olúwa. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wọ́n nítorí àwọn ènìyàn wọn tí ó kú kí Olúwa tó dé, Àpọ́sítélì sì tù wọ́n nínú nínú Lẹ́tà Kìíní tí ó kọ sí wọn. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń rìn kiri, wọ́n ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n, wọ́n sì ń jẹun lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ka orí kẹta Lẹ́tà Kejì sí àwọn ará Tẹsalóníkà, ẹ ó rí bí Àpọ́sítélì ti dá wọn lóhùn. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa jẹ oúnjẹ tí ọwọ́ ara wọn wá. Ó ní ẹni tí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó kọ̀ ni ó bá wí, kì í ṣe ẹni tí kò lè ṣe é. Aláìsàn, arúgbó àti ẹni tí ó wá iṣẹ́ tí kò rí i kò sí nínú ìbáwí náà. Ó tún rán wọn létí bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe láàárín wọn, nítorí iṣẹ́ àgọ́ pípa ni Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 18.

Ṣùgbọ́n ohun tí Àpọ́sítélì kò sọ ṣe pàtàkì bí èyí tí ó sọ. Kò sọ fún wọn pé: “Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, nítorí pé Olúwa kò ní dé mọ́.” Kò pa ìrètí wọn kí ó tó lè dá ọkọ́ padà sí wọn lọ́wọ́. Ó fi méjèèjì sílẹ̀ pọ̀: ẹ máa retí Olúwa, ẹ sì máa ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan, tí ó sì ju èkejì nù, kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ àwọn Àpọ́sítélì tán.

Ẹni tí ó dá ọjọ́, àti ẹni tí ó sún ọjọ́ síwájú

Ìgbà wa náà ní àwọn ará Tẹsalóníkà tirẹ̀. Ní Kanungu, ní ilẹ̀ Ùgáńdà, ẹgbẹ́ kan wà tí púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ Ìjọ Kátólíìkì tẹ́lẹ̀. Wọ́n kéde pé ayé yóò parí bí ọdún 1999 bá ti parí. Àwọn ènìyàn ta ohun ìní wọn. Nígbà tí ọjọ́ náà kọjá láìsí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ yí padà di ibi: ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2000, iná jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn pa nínú ilé àdúrà tí a ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Nítòsí wa níhìn-ín, ní agbègbè Àjàṣẹ́, ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn kan tí ń retí òpin ayé sé ara wọn mọ́ inú yàrá àdúrà pẹ̀lú èédú tí ń jó, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì jáde láàyè. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Oǹdó ní Nàìjíríà, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde nínú ilé ìsìn kan, 26 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn àwọn ọlọ́pàá, a ti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé oṣù kẹrin ni Olúwa yóò gbé wọn lọ sókè, lẹ́yìn náà a ní ó di oṣù kẹsàn-án.

Ẹ má ṣe fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá Ọlọ́run tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ di èyí mú: Olúwa fúnra rẹ̀ sọ, nínú Ìhìnrere Máàkù Mímọ́, orí 13, pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tàbí wákàtí náà, bí kò ṣe Baba. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dá ọjọ́ fún yín, ìbáà ṣe pẹ̀lú ààwẹ̀ àti omijé, ẹ má ṣe tẹ̀ lé e.

Ǹjẹ́ àwa tí a kò dá ọjọ́ ti bọ́ nínú ewu? Rárá o. Àṣìṣe kejì wà, òun ni ó sì pọ̀ jù láàárín wa. Òun ni ti ìránṣẹ́ inú Ìhìnrere Mátíù Mímọ́, orí 24, tí ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀gá òun ń pẹ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń bá àwọn ọ̀mùtí jẹ, tí ó ń bá wọn mu. Láyé àtijọ́, àwọn kan máa ń sún ìrìbọmi wọn di orí ibùsùn ikú. Ọba Kọnsitantíìnì, ẹni tí ó fún Ìjọ ní òmìnira nínú ìjọba Róòmù, kò gba ìrìbọmi títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú ní ọdún 337. Ní Sakété níhìn-ín náà, ẹ mọ ẹni tí ó ń sọ pé: “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́lé ná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ẹjọ́ ilẹ̀ tí mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Bí mo bá dàgbà tán, n ó yí padà.”

Àwọn méjèèjì dà bí ẹni tí ó yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù. Ẹni kìíní rò pé òun mọ ọjọ́ tí Olúwa yóò dé. Ẹni kejì rò pé òun mọ ọjọ́ tí kò ní dé. Olúkúlùkù wọn ti sọ ara rẹ̀ di olówó àkókò, bẹ́ẹ̀ ni ti Ọlọ́run nìkan ni àkókò. Krìsténì ni ẹni tí ó gbà pé òní kan ṣoṣo ni a fi lé òun lọ́wọ́.

Ayé lọjà, ọ̀run nilé

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọ̀rọ̀ rere ni, Ìjọ kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi gbé ara wọn sùn: bí ayé bá jẹ́ ọjà, wọn a ní kí ni ó kàn wọ́n bí ọjà náà bá dàrú? Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ìyá wa ọlọ́jà. Ìyá wo ni ó ń lọ sí ọjà tí kò bìkítà fún ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, nítorí pé ilé ni yóò sùn? Ohun tí ó ṣe lọ́jà ni yóò gbé dé ilé. Bí ó bá ra èyí tí ó jẹrà, èyí tí ó jẹrà ni àwọn ọmọ yóò jẹ ní alẹ́. Ilé tí a ń lọ kò sọ ọjà di yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ di ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Ẹ̀kọ́ Ìjọ tún lọ síwájú ju òwe náà lọ. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ wa, nínú Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, orí 8, pé gbogbo ẹ̀dá ni ó ń rọbí, tí ó ń retí ìdáǹdè. Ìwé Ìfihàn, orí 21, sọ̀rọ̀ ọ̀run tuntun àti ayé tuntun. Ọlọ́run kò ní ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ààtàn; yóò sọ ọ́ di tuntun. Nítorí ìdí èyí ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé ṣe kọ́ni nínú ìwé tí a pè ní Gaudium et Spes, èyí tí ó túmọ̀ sí Ayọ̀ àti Ìrètí, tí a kéde ní Róòmù ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1965. Bernardin Gantin ọmọ ilẹ̀ wa, tí í ṣe olórí bíṣọ́ọ̀bù Kùtọnu nígbà náà, wà lára àwọn tí ó kópa nínú Àpéjọ náà. Nínú ìpínrọ̀ 39, wọ́n fi yé wa pé ìrètí ayé tuntun kò gbọdọ̀ sọ ìtọ́jú ayé yìí di aláìlágbára nínú wa, bí kò ṣe kí ó ru ú sókè. Wọ́n kìlọ̀ pẹ̀lú pé a kò gbọdọ̀ rò pé ìlọsíwájú ayé yìí ni Ìjọba Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí a là, ilé-ìwé tí a kọ́, ohun rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀run kọ́. Síbẹ̀, ìfẹ́ tí a fi ṣe wọ́n kò ní ṣègbé; a ó tún rí i níwájú Ọlọ́run, ní mímọ́, láìlábàwọ́n.

Ní èdè Faransé tí a fi kọ́ púpọ̀ nínú wa ní ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, la fin, ni wọ́n ń lò fún ibi tí nǹkan parí sí àti fún ohun tí a torí rẹ̀ ń ṣe nǹkan. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta. Ìgbẹ̀yìn ni ó ń fi hàn bóyá ẹni náà mọ ayò ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òpin ayé rí fún Krìsténì: ọjọ́ tí gbogbo ohun tí a ṣe yóò fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn ni.

Tóńgólò tí a fi ń wọn gàrí

Báwo wá ni ìdájọ́ náà yóò ti rí? Nínú Ìhìnrere Mátíù Mímọ́, orí 25, Olúwa kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ríran tàbí ó mọ ọjọ́ òpin. Oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa ni ó béèrè, omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, aṣọ, ilé fún àlejò, ìbẹ̀wò sí aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí àti àgbàdo, tóńgólò tí ẹ fi ń wọn ọjà wà nínú ìdájọ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ mọ bí àwọn kan ti ń lu ìdí rẹ̀ wọ inú kí ó má baà gba púpọ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń ta bẹntiróòlù ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó ń da nǹkan mìíràn mọ́ ọn, òun náà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń kó owó àjọ jọ, àti bàbá tí ó ní owó ọtí ṣùgbọ́n tí kò ní owó ìwé ọmọ.

Èyí le. Ẹnì kan lè wí pé: “Olùkọ́, bí mo bá wọn tóńgólò mi kún, tí aládùúgbò mi sì lu ti rẹ̀ wọ inú, òun ni yóò jèrè. Òpin ayé jìn, ebi wà nítòsí.” N kò ní tàn yín jẹ: òdodo lè ná yín lówó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwa tí a wà nítòsí Igolo mọ ohun tí ó jẹ́. Ọjà dúró, irè oko bàjẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣì wọn ọjà rẹ̀ pé mọ iye tí òdodo ń náni.

Ibí yìí gan-an ni ìrètí ti wúlò. Bí kò bá sí ìdájọ́, ẹni tí a rẹ́ jẹ ti rẹ́jẹ títí láé nìyẹn, ẹni tí ó rẹ́ ni jẹ sì ti borí. Pópù Benedict 16, ẹni tí ó wá sí ilẹ̀ Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, kọ lẹ́tà kan lórí ìrètí ní ọdún 2007, tí a ń pè ní Spe Salvi. Ó sọ níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òdodo ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ fún ìgbàgbọ́ nínú ìyè àìnípẹ̀kun. Ìdájọ́ tí àwọn kan fi ń dẹ́rù bà wá, ìhìn rere ni fún opó tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé Olúwa ń bọ̀ lè pàdánù èrè òní láìsọ ìrètí nù, nítorí ó mọ̀ pé ìwé ìṣirò kò tíì pa dé.

Ìdáhùn sí ìyá náà

Nígbà tí mo dá ìyá náà lóhùn, ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ náà ni mo padà sí. Àwa ará ìhín mọ ọ̀pẹ. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ọ̀pẹ tí a mú dára síwájú sí i yóò tọ́ ọ nínú ọgbà fún nǹkan bí ọdún kan kí ó tó gbé e lọ sóko, yóò sì tún dúró ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó gé ẹyìn àkọ́kọ́. Kò sí agbẹ́ kankan tí ó ní ìwé àṣẹ pé òun yóò wà láàyè ní ọdún náà. Ó gbìn ín síbẹ̀.

Mo ní: “Ìyá, ẹ sọ fún ọmọ yín pé òtítọ́ ni pé Olúwa ń bọ̀. Ó lè dé lónìí. Bí ó bá dé, tí ó bá a ní ìdí ọ̀pẹ, tí ó ń ro oko nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, ibi tí ó yẹ kí ó bá a ni ó bá a. Bí kò bá sì tètè dé, àwọn ọmọ yóò rí epo jẹ. Lọ́nà méjèèjì, kò pàdánù. Ṣùgbọ́n bí Olúwa bá dé, tí ó bá a níbi tí ó káwọ́ gbera, tí ìyá arúgbó ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí ni yóò wí?”

Ìyá náà gba ìrìbọmi ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ padà sóko lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Kò tíì padà wá sí ìjọ. A ṣì ń gbàdúrà fún un, nítorí ìrètí náà kan òun pẹ̀lú.

Ní òru Àjíǹde, ẹ̀yin náà yóò gba ìrìbọmi. A ó wọ aṣọ funfun fún yín, a ó sì tan àbẹ́là kékeré fún yín láti ara àbẹ́là ńlá tí í ṣe àmì Krístì tí ó jíǹde. A ó sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí iná náà kú títí Olúwa yóò fi dé. Ẹ má ṣe rò pé inú ilé ìjọsìn nìkan ni a ti ń ṣọ́ iná náà. Ẹ ó gbé e lọ sí oko, sí ọjà, sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, sí orí alùpùpù tí ẹ fi ń kó èrò. Níbẹ̀ ni Olúwa yóò ti wá yín.

Fún àṣàrò nínú ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó dá ọjọ́ òpin àti ẹni tí ó ń retí Olúwa?
2. Kí ni ohun tí mo ti ń sún síwájú, tí ó yẹ kí n ṣe kí n tó gba ìrìbọmi?
3. Bí Olúwa bá dé lónìí, níbo ni yóò ti bá mi, kí ni yóò sì bá lọ́wọ́ mi?

Àdúrà

Olúwa Jésù, ìwọ tí ń bọ̀, kọ́ wa láti máa retí rẹ láìjókòó lásán, àti láti máa ṣiṣẹ́ láìgbàgbé rẹ. Jẹ́ kí òṣùwọ̀n wa pé, kí ilẹ̀kùn wa ṣí sí aláìní, kí iná wa sì máa jó títí di ìgbà tí a ó rí ojú rẹ. Àmín.